Ìrókò Kan Ṣoṣo Kì í Bímọ

Láti ọdún 2005 ni Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wà lára ohun àjogúnbá àgbáyé tí UNESCO ń dáàbò bò. Hẹ́kítà 75 péré ni. Èèwọ̀ òrìṣà àti akitiyan Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ni kò jẹ́ kí agégẹdú rí i gé tán. Inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n ṣé ká kàn máa ṣọ́ àgbà igi ni ìtọ́jú?

Ẹ wo ìrókò. Igi akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀. Èyí tó dá dúró nídìí ọjà, tí a fi aṣọ funfun ró, kò lè bímọ bí kò bá ní ẹnìkejì nítòsí. Bí àdán bá gbé èso rẹ̀ kiri tó sì hù, kòkòrò tín-ń-tín kan á bá ọ̀mùnú rẹ̀ jà, á wú bí kókó, á sì kú. Abájọ tí àwọn olóko igi fi sá tọ mẹlínà àti tíìkì lọ (a ò bá wọn jà, owó ni wọ́n ń wá). Bí a bá gbin ọmọ ìrókò sáàárín igi mìíràn, kòkòrò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i bá jà.

Orógbó náà ti ń dínkù nínú igbó. Ó lè lo oṣù púpọ̀ nínú ilẹ̀ kó tó hù, àfi ká bó èèpo rẹ̀.

Àwa tí à ń ka ẹsẹ Ifá tí orúkọ igi kún inú rẹ̀, mélòó nínú wa ló lè dá ọmọ ìrókò mọ̀? Kí ẹ̀ka Yorùbá kọ̀ọ̀kan ní Òṣogbo àti Iléṣà máa tọ́ ọmọ igi, kí a sì tọrọ àyè lọ́wọ́ Àwòrò Ọ̀ṣun ká tó ṣa èso. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ nílẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà, àyè ogún igi ni a ń tọrọ.