Mikhail Zhvanetsky, Ẹni tí ó fi Ọ̀wọ́n Ọjà Ṣẹ̀fẹ̀

Àwọn kan gbà pé bí ìjọba apàṣẹ-wàá bá jẹ́ kí aláwàdà kan máa sọ̀rọ̀ ní gbangba, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ olúwarẹ̀ kò mú. Wọ́n ní bí ó bá mú ni, inú ẹ̀wọ̀n ni ìbá ti máa sọ ọ́. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí, ọ̀rọ̀ Mikhail Zhvanetsky ni mo sì fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí.

Odessa, ìlú èbúté létí Òkun Dúdú ní ilẹ̀ Ukraine, ni a ti bí i ní 1934, nígbà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ń ṣàkóso ibẹ̀. Èdè Rọ́ṣíà ni ó fi ń kọ̀wé. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó kọ́. Ó parí ẹ̀kọ́ ní 1956, ó sì ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹrù sókè ní èbúté. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Roman Kartsev àti Viktor Ilchenko, a máa ṣeré. Arkady Raikin, ìlúmọ̀ọ́ká aláwàdà ní gbogbo ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ni ó fà wọ́n lọ sí Leningrad, Zhvanetsky sì wọ ilé eré rẹ̀ ní 1964. Zhvanetsky ń kọ ọ̀rọ̀, Raikin ń sọ ọ́. Ẹni tí ń sọ ọ́ ni ayé ń pàtẹ́wọ́ fún. Bí ó ti máa ń rí fún àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn lẹ́nu nìyẹn. Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà padà sí Odessa.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ọ̀rọ̀ tí ó kọ. Ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, ìjọba ni ó ni ilé ìtajà, òun náà ni ó ń dá iye lé ọjà. Owó lè wà lọ́wọ́ ènìyàn kí ó má rí bàtà rà. Nítorí náà ẹni tí ń ṣọ́ ọjà di ọba kékeré. Nínú eré kan tí Raikin ṣe, ọkùnrin kan ń ráhùn pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ohun gbogbo yóò pọ̀ níbi gbogbo. Kí ni yóò wá dé bá ọ̀gá ilé ìtajà? Ta ni yóò tún máa kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀? Ẹ̀rù ọ̀pọ̀ ń ba ọkùnrin yìí bí ẹ̀rù ìyàn ti ń ba àwa yòókù!

Èyí tí ó wù mí jù ni ti edé, tí Kartsev máa ń dá ṣe. Edé tí ó rí ní àná tóbi, rúbù márùn-ún ni. Ti òní kéré, rúbù mẹ́ta ni. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan mìíràn nínú eré náà. Ọkùnrin náà á rò ó síwá, á rò ó sẹ́yìn, á padà sí márùn-ún, á tún bọ́ sí mẹ́ta, àwọn ènìyàn á sì máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. Kò dárúkọ ìjòyè kankan. Ṣùgbọ́n ta ni ó jókòó níbẹ̀ tí kò tí ì ṣe irú ìṣírò bẹ́ẹ̀ rí?

Níbi tí ilé ìtajà ti jẹ́ ti ìjọba, bí a bá fi pẹpẹ òfìfo ṣẹ̀fẹ̀, ta ni a ń bá wí? Àwọn ará ìlú mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sínú téèpù, ẹnì kan ń ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, láìdúró de rédíò ìjọba.

Èmi kò sọ pé akíkanjú bí àwọn tí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ni. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ó gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ìjọba Rọ́ṣíà, ètò tí ó sì ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n láti 2002 títí di 2019 kò mú tó ti ìgbà edé lójú tèmi. Síbẹ̀, inú àpò awọ kan tí ó ti gbó, tí ó ti jẹ́ ti baba rẹ̀ tí í ṣe dókítà, ni ó ti ń fa ìwé rẹ̀ yọ, tí ó ń kà á sí àwọn ènìyàn létí, títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kú ní 2020.