ÌWÉ KÍKÀ KÒ YỌ ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ SÍLẸ̀

Ọ̀rọ̀ tí a ní l'óṣù yìí kì í ṣe ti èlé, kì í sì í ṣe ti àwọn tí kò tíì san owó tí wọ́n yá. Ọ̀rọ̀ ìwé ni.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀, a ó gbé àbá kan síwájú yín: kí a yọ díẹ̀ nínú èrè ọdún yìí, kí a fi ra ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá lọ sí ilé. A ti ń gbọ́ ìkùnsínú. Àwọn kan ní, "Ṣé ìwé ni a ó jẹ ni?" Àwọn mìíràn ní kí a pín owó náà, kí oníkálukú fi tirẹ̀ ra gàrí. A kò bínú sí wọn. Ẹni tí ó bá ń ná ọjà Òkè-Odò l'áyé ìsinsìnyí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gàrí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí ibi tí irú ẹgbẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Ní ọdún 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn 28, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ, dá owó jọ, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun àti àbẹ́là wà nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Tálákà ni wọ́n. Síbẹ̀, kò pẹ́ kò jìnnà tí wọ́n fi ní yàrá ìwé kíkà tiwọn, wọ́n sì ń yọ nínú èrè wọn fún ẹ̀kọ́. Nínú ìlànà 7 tí àjọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àgbáyé fi ọwọ́ sí ní Manchester ní 1995, ẹ̀kọ́ ni ó ṣe ìkarùn-ún. Nítorí náà, a kò mú ohun àjèjì wọ inú ẹgbẹ́.

Ìwé wo wá ni a ní kí ẹ kà? Mẹ́rin ni a kà láìpẹ́ yìí tí a rí i pé ó bá wa wí.

Èkínní ni Rẹ́rẹ́ Rún, eré tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tí ó jáde ní 1973. Láwúwo ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀, akíkanjú ènìyàn ni. Ibi tí nǹkan ti yí padà fún un ni owó òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, tí àwọn gbájúẹ̀ fi ẹ̀tàn gbà. Ìyàwó kú, orí Láwúwo dàrú. Ẹ̀yin ará, Láwúwo kò jalè. Owó ẹgbẹ́ tí a kó pamọ́ sí ilé ẹnìkan ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a bá ní kí ẹ san owó sí báńkì kí ẹ sì gba rìsíìtì, ẹ máa ń rò pé a kò gbà yín gbọ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Rẹ́rẹ́ Rún.

Èkejì ni Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní 1972. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì ni ó ń ká ọba lọ́wọ́ kò, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Gáà wá sọ agbára náà di ti ara rẹ̀. Ó ń fi ọba jẹ, ó sì ń mú kí ọba kú. Ó tilẹ̀ pa ọmọbìnrin Aláàfin Abíọ́dún, nítorí pé orúkọ ọmọ náà bá ti ẹran tí ó fẹ́ fi ṣe oògùn mu. Ní 1774 ni Abíọ́dún àti Ọyábì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó ṣẹ́gun rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ìgbìmọ̀ alábẹ̀wò ni ó ń ṣọ́ akápò àti àwa akọ̀wé. Ta ni ó ń ṣọ́ ìgbìmọ̀ alábẹ̀wò? Ẹ̀yin ni. Bí ẹ kò bá wá sí ìpàdé, kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1970. Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874 ni ìtàn náà dá lé. Nínú eré yìí, ìkà paraku ni obìnrin náà, ó ń pa ẹrú rẹ̀ tí ó bá lóyún. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ kọ nípa Ìyálóde yìí kan náà nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1992, níbi tí a ti rí i pé ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ogun wà láàrin òun àti Ààrẹ Látòósà. Ẹ ka méjèèjì pọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí a tó ka orúkọ ẹni tí kò san owó sí etí gbogbo ìpàdé, ó yẹ kí a ti gbọ́ t'ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni The Trouble with Nigeria tí Chinua Achebe kọ ní 1983. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ìwé pẹlẹbẹ ni, ẹ lè kà á tán nínú mọ́tò bí gósílóò bá mú yín. Ó ní ìṣòro Nàìjíríà kò ju ti olórí lọ. A gbà á ní ìdajì. Ẹni tí ó dìbò fún alága nítorí mínírà àti ẹran, ṣé olórí nìkan ni ó jẹ̀bi níbẹ̀?

Àwọn kan á ní, "Àwa tí a kò mọ̀wé ńkọ́?" Eré tí a fi Yorùbá kọ ni mẹ́ta àkọ́kọ́ tí a dárúkọ. Kí ẹnìkan máa kà á sókè fún ìṣẹ́jú 15 kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, dípò kí a máa jókòó retí àwọn tí ó pẹ́. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì lè kà á fún màmá wọn n'ílé pẹ̀lú.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn kò ju èyí lọ: ẹni tí kì í ka nǹkan kan kò ní ka fọ́ọ̀mù onídùúró kí ó tó tẹ̀ka sí i, kò sì ní ka ìwé ìṣirò owó tí a ń pín ní ìparí ọdún. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ní ọjọ́ ìpàdé, ẹ wá, ẹ gbọ́ àbá náà, kí ẹ sì dìbò bí ọkàn yín bá ti wí. Bí ẹ bá ní kí a pín owó náà, a ó pín in. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jókòó sílé kí ẹlòmíràn bá yín dì í.

Àwa ni, Akọ̀wé yín.