Ife mẹ́fà Kevin Lowe

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ò tíì wo họ́kì orí yìnyín rí. Yìnyín tiwa kò kúkú ju inú fíríìjì lọ, ìyẹn bí iná bá wà. Ẹ ṣáà bá wa kà á, ọ̀rọ̀ ipò ni.

Kevin Lowe, ọmọ Canada, difẹ́ńdà ni. Iṣẹ́ difẹ́ńdà ni kó dúró lẹ́yìn, kó fi ara dí róbà dúdú tí wọ́n ń gbá, kó má baà wọlé. Òun ni Edmonton Oilers kọ́kọ́ yàn ní 1979 nígbà tí wọ́n wọ líìgì NHL, òun náà ló gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún wọn níbẹ̀. Ó gba ife Stanley Cup márùn-ún pẹ̀lú wọn, ó tún gba ọ̀kan pẹ̀lú New York Rangers ní 1994. Mẹ́fà! Wayne Gretzky tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, mẹ́rin ló gbà.

Ní 2000 ó di mánéjà àgbà Oilers. Ká sòótọ́, kò bẹ̀rẹ̀ burúkú. Ó mú Chris Pronger wá ní 2005, wọ́n sì dé àṣekágbá ní 2006, ó di eré keje kí Carolina tó borí wọn. Lẹ́yìn náà Pronger ní òun fẹ́ lọ, ló bá lọ sí Anaheim, Anaheim sì gba ife lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Láti ìgbà yẹn, ọdún 10 gbáko ni Oilers ò fi wọ playoff. Lowe wà lókè fún mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, ó ti kúrò ní mánéjà, ó ti di ààrẹ ẹ̀ka họ́kì. Ní 2010, 2011 àti 2012, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ yan ọmọ tuntun nínú gbogbo líìgì, síbẹ̀ pàbó ni.

Ní 2013, níwájú àwọn oníròyìn, ó ní ẹnì kan péré tó ṣì ń ṣiṣẹ́ họ́kì ló gba ife ju òun lọ, pé òun mọ nǹkan díẹ̀ nípa bí a ṣe ń borí. Ibẹ̀ gan-an la ò ti bá a lọ. Kí ló kan ife 1984 pẹ̀lú ọmọ ọdún 18 tí o fẹ́ wò, kí o sọ ohun tó máa dà lọ́dún méje sí i? Kí ló kàn án pẹ̀lú ìṣirò owó oṣù, tàbí kí o ní kí ọ̀rẹ́ rẹ máa lọ nígbà tí kò bá ṣe é mọ́?

A ò sọ pé difẹ́ńdà ò lè ṣọ̀gá o. Difẹ́ńdà ni Serge Savard, ó sì gba ife méjì fún Montreal nípò mánéjà, ní 1986 àti 1993. Iṣẹ́ tó ṣe lórí àga yẹn la fi ń yìn ín. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹni tó bá mọ ìlù lù, a ó ní kó máa ṣe olórí akọrin. Tó bá ti lo ogún ọdún nínú ìjọ, ta ló tó bi í léèrè bóyá iṣẹ́ ń lọ?

2015 ni wọ́n yọ Lowe kúrò nídìí yíyan ẹgbẹ́. Nígbà tó di 2020, wọ́n yàn án sínú Hockey Hall of Fame, lọ́dún kejì wọ́n gbé nọ́ńbà 4 rẹ̀ kọ́ sókè pápá ní Edmonton. Ipò agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.