Ẹ Má Dá Lúdò Lẹ́bi Ohun Tí Kò Ṣe

Nínú àpérò àwa olùkọ́ àṣà, kò sí ohun tí ó máa ń yá wa lára bíi kí a bú lúdò. Ẹnìkan yóò dìde, yóò ní òyìnbó ni ó gbé e dé, òun ni ó lé ayò ọlọ́pọ́n kúrò lábẹ́ igi odán, òun náà ni ó sì sọ àwọn ọ̀dọ́ wa di ọ̀lẹ. Gbogbo wa yóò pàtẹ́wọ́. Èmi náà ti pàtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n n kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀bi tí a ń kà sí eré yìí lọ́rùn kọ́ ni ẹ̀bi rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀ gan-an ni a kì í fẹnu bà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òyìnbó. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti forúkọ lúdò sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1896. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí i, níbi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pachisi. Kí ni àwọn ará Íńdíà ń jù kí wọ́n tó sún ọmọ wọn? Owó ẹyọ ni, èyí tí àwa náà mọ̀ dunjú lọ́jà àti nídìí ẹẹ́rìndínlógún. Ẹni mẹ́rin ni ó ń ta á, méjì dojú kọ méjì, ẹnìkan kò sì lè dá nìkan borí láìsí ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó mú owó ẹyọ kúrò, tí wọ́n fi dáìsì kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di eré ọmọdé tí olúkúlùkù ń sáré tirẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa kò gba eré náà bí a ṣe gbé e fún wọn. Dáìsì méjì ni wọ́n ń jù, kí ẹni tí ó ń ta á lè ronú ọmọ tí yóò sún àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì pé mẹ́rin, wọ́n a pín ara wọn ní méjì méjì. Ibẹ̀ ni agbára lúdò wà. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń ta á. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú dáìsì mi mú márùn-ún wá. Márùn-ún yìí lè gbé ọmọ mi kan délé. Ó sì lè fi òmíràn pa ọmọ alátakò tí ó ń lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bọ̀. Mo yan ilé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó wọ ọ̀nà ilé, a sì pàdánù. Ẹ̀gbọ́n mi kò bínú. Ohun tí ó sọ kò ju pé, “Ìwọ nìkan ni o délé.” Títí di òní, n kò tíì gbọ́ ìwàásù lórí àjọṣe tí ó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ ńkọ́? Dáìsì ni àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá rí mẹ́fà kò lè gbéra. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà bọ́ sílẹ̀, 11 péré ni mẹ́fà wà nínú wọn, nítorí náà ọlọ́gbọ́n lè jókòó kí ó máa wo òmùgọ̀ tí ó ń kó ọmọ lọ. Bí mo bá pàdánù nídìí ayò, mo mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Bí mo bá pàdánù nídìí lúdò, mo lè máa dá dáìsì lẹ́bi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwáwí yìí ni ó bí àbùkù kejì, èyí tí ó burú jù: tẹ́tẹ́. Ẹni tí ó gbàgbọ́ pé oríire ni ó kù òun kù yóò tún fi owó mìíràn lélẹ̀. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó fi owó òòjọ́ rẹ̀ ta lúdò tán kí oòrùn tó wọ̀, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń retí oúnjẹ.

Èyí ni ó yẹ kí a máa bá wí, kì í ṣe ìlú tí eré ti wá. Àwa tí a sì ń yin ayò, mélòó nínú wa ni ó ní ọpọ́n nílé, yàtọ̀ sí èyí tí a gbé kọ́ ara ògiri? Ojú 12 àti ọmọ 48 ń fi ọgbọ́n kọ́ ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni méjì péré ni ó ń ta á, kò sì sí ẹnìkejì tí a lè tìtorí rẹ̀ fi èrè tiwa sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: eré kan kò lè kọ́ni ní gbogbo ẹ̀kọ́.

Bí a bá fẹ́ kí ayò padà sábẹ́ igi odán, ẹ jẹ́ kí a sọ ọpọ́n kalẹ̀ lára ògiri, kí a jókòó, kí a kọ́ àwọn ọmọ wa. Bí a bá sì bá wọn nídìí lúdò, ẹ jẹ́ kí a ní kí wọ́n gbé owó kúrò nílẹ̀, kí wọ́n pín ara wọn ní méjì méjì, kí a sì bá wọn ta ọwọ́ kan. Ìgbà tí a bá ti ṣe èyí ni kí a tó tún pàtẹ́wọ́ nínú àpérò.