Ọtí Kíkan fún Oró Ẹran Òkun

Ẹ̀yin ará wa ní Ṣómólú àti Bàrígà, bí Ọjọ́ Ajé Àjíǹde bá ti dé, ẹ̀yin a máa kó àwọn ọmọdé ìjọ lọ ṣeré ní etí òkun. Ìgbì ni olúkúlùkù ń bẹ̀rù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran kan ń bẹ nínú omi iyọ̀ tí ojú kì í tètè rí, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, tí ó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ: jẹ́lífíìṣì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ní igun mẹ́rin bí àpótí, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ a sì máa fì láti igun kọ̀ọ̀kan. Nínú okùn náà ni oró wà.

Òkun Australia ni èyí tí ó burú jùlọ ń gbé. Okùn rẹ̀ lè tó 60, wọn a sì gùn tó mítà 3. Ó lè pa àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ kéékèèké ń bẹ ní òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Oró tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe ohun eré fún ọmọdé.

Ohun tí èmi lòdì sí ni ìkánjú wa. Bí ó bá ta ènìyàn, ẹni kan a fi iyanrìn ha á lára, ẹlòmíràn a da omi kànga sí i, ẹ̀kẹta (àgbàlagbà ni púpọ̀ ìgbà) a bu ògógóró lé e. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò oró tíntìntín ni ó wà lára okùn náà, bí tàkúté tí a dẹ tí kò tíì ré. Omi tí kò ní iyọ̀ a máa mú wọn ré. Ọtí líle pẹ̀lú a máa mú wọn ré. Kí a má ṣe fi àwọn àgbà wa ṣẹ̀sín: ní Australia pàápàá, ọtí líle ni wọ́n ń lò títí àwọn oníṣègùn fi dán an wò ní 1980, tí wọ́n sì rí i pé ọtí kíkan ni ó ń dá tàkúté náà dúró.

Ọtí kíkan tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì ni mo wí, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń pè ní fínígà. Kì í yọ oró tí ó ti wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kì í pa ìrora. Ẹ dà á sí ojú ibẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ tó fi igi ṣa okùn tí ó kù kúrò, kí ẹ sì gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Owó ìgò rẹ̀ kan kò tó owó ẹlẹ́rìndòdò tí a ń rù lọ síbẹ̀. Kí alága ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó. Èyí tí òkun gbé jù sí iyanrìn tí ó ti kú, kí ọmọdé kankan má ṣe fọwọ́ kàn án, nítorí ó ṣì lè ta.