Ogunléndé Nínú Bárékè

Agbèrò kì í pe èrò sínú ọkọ̀ láìdárúkọ ìlú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró ní Ọ̀fà Garage, ní ìlú Ìlọrin wa yìí, láti ìdájí títí di ìgbà tí oòrùn yóò fi mú ganrínganrín, ohun tí yóò máa gbọ́ ni "Ọ̀fà! Ajàṣẹ́! Òmù-Àrán!", tí àwọn géńdé ń fi gbogbo ọ̀fun ké, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò kàn wí pé "Ẹ wọlé, ẹ jókòó", nítorí arìnrìn-àjò kì í sanwó ìjókòó lásán. Ohun tí mo ń rò nìyẹn ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí ó kọjá, bí mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìyá ẹlẹ́kọ kan, tí mo ń retí kí ọkọ̀ kún, tí ìyá àgbàlagbà kan fi wá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: ẹní tí a ká, ìkòkò dúdú kan, àti àpò ìrẹsì tí a ki aṣọ bọ̀. Abúlé kan ní Ìfẹ́lódùn ni ó ti wá. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Kwara láti ọdún 2025 kò ní bi í léèrè ohun tí ó lé e kúrò níbẹ̀, nítorí etí wa ti kún fún ìròyìn àwọn agbébọn tí ń lé àgbẹ̀ kúrò lórí ebè tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ogunléndé ni à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sọ ohun tí ó ń bẹ lẹ́yìn onítọ̀hún, wọn kò sọ ohun tí ó ń bẹ níwájú rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, kì í sì í ṣe nílẹ̀ wa nìkan.

Nígbà tí àwọn Taliban wọ Kabul ní ọjọ́ 15 oṣù Ògọ́sì ọdún 2021, tí ẹ̀dá ènìyàn ń rọ̀ mọ́ ara bàálù bí àdán, Amẹ́ríkà kó àwọn ògbufọ̀ àti àwọn mìíràn tí ó ti bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣiṣẹ́, pẹ̀lú aya àti ọmọ wọn, lọ sí ilẹ̀ rẹ̀. Níwọ̀n bí kò sì ti sí ilé àlejò tí ó lè gba irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibùdó ológun mẹ́jọ ni ó ṣí sílẹ̀ fún wọn. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wù mí jù ni Fort McCoy ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, pápá ńlá tí àwọn sójà ti ń kọ́ iṣẹ́ ogun láàárín ìlú kékeré méjì, Sparta àti Tomah, níbi tí oko àti igbó ti yí wọn ká. Àwọn ilé pákó alájà méjì tí wọ́n kọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìbọn jẹ́ aya rẹ̀, ni abiyamọ àti arúgbó wá ń sùn sí, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13,000. Àrùn èéyi, èyí tí ń sú sí ọmọdé lára, bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí a kó dé, débi pé wọ́n dá bàálù dúró ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà títí wọ́n fi gún wọn lábẹ́rẹ́. Òtútù yìnyín sì dé bá ẹni tí ó sá kúrò nílé pẹ̀lú sálúbàtà. Síbẹ̀, nígbà tí yóò fi di àárín oṣù Fẹ́búárì ọdún 2022, pápá náà ti ṣófo. Oṣù mẹ́fà péré. Mi ò sọ pé Amẹ́ríkà láàánú ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ìwé ọdún méjì péré ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ìgbà díẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn jáde ní bárékè bí òjìji. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ó bá jáde lẹ́nu ọ̀nà ibùdó náà mọ orúkọ ìlú tí ó ń lọ, ó sì mọ ẹgbẹ́ tí yóò wá pàdé rẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé ibùdó ogun àti ilé ogunléndé jẹ́ ohun àjèjì sí ara wọn, kó bi Ìbàdàn léèrè. Ibùdó àwọn jagunjagun ni Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829, kí ẹni tí ilé rẹ̀ jó àti ẹni tí ìlú rẹ̀ fọ́ tó wọ́ wá kún un, tí ó fi di ohun tí a ń wò lónìí. Ọ̀yọ́ tí Aláàfin wà yìí pàápàá, Àgọ́ Ọjà ni, kí Aláàfin Àtìbà tó gbé adé débẹ̀ nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. Ibi tí a pa àgọ́ sí ni ibi tí a ó ti tú àgọ́. Ṣùgbọ́n àgọ́ yẹn kò tú mọ́, ìgbà díẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé igba ọdún. Èyí bọ́ sí rere. Èyí tí kò bọ́ sí rere ni ti Ifẹ̀, tí ó gba àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé dé, tí Ọọ̀ni Abẹ́wẹ́ìlá sì ya ilẹ̀ Modákẹ́kẹ́ sọ́tọ̀ fún wọn, láìsí ẹni tí ó sọ ọ́ yékéyéké bí ilẹ̀ náà ti jẹ́ àti bí yóò ti pẹ́ tó. Ní ọdún 1997, àwọn ọmọ ọmọ àlejò àti ọmọ ọmọ onílé ṣì ń yìnbọn síra wọn. Mi ò dá ẹjọ́ wọn o. Ẹnu mi kò gbà á. Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án.

Ọ̀fà Ìyerú Ọ̀kín tí a fi orúkọ rẹ̀ pe gáréèjì yìí mọ̀ nípa ọ̀ràn náà ju ẹni tí ń kọ̀wé lọ, nítorí nígbà tí ogun fọ́ ọ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìgósùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ forí pamọ́ sí. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1969 ẹ̀wẹ̀, tí ìjọba Busia ní Gánà fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti Ìnísà ru ẹrù wọn bọ̀. Agboolé baba wọn ni púpọ̀ nínú wọn sì wọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n bí sí Kùmásì, tí Twi yọ̀ lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ orúkọ agboolé náà. Ẹ wá fi èyí wé àwọn ará Làìbéríà tí ogun Charles Taylor lé dé Òrù-Ìjẹ̀bú, níbi tí a ti ṣí ibùdó fún wọn ní ọdún 1990: ọjọ́ 30 oṣù Júùnù ọdún 2012 ni àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ogunléndé tó fòpin sí ipò ogunléndé àwọn ará Làìbéríà. Ọmọ tí a bí sí Òrù ní ọdún àkọ́kọ́ ti lè gbé ọmọ tirẹ̀ pọ̀n nígbà náà.

Nítorí náà, bí ìjọba bá wí lọ́la pé kí àwọn ará oko tí agbébọn lé wá sùn ní pápá àgùnbánirọ̀, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè Sóbì níbí, mi ò ní takò ó. Òrùlé sàn ju ìdí igi lọ, sójà lẹ́nu ọ̀nà sì sàn ju igbó dúdú. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí géètì náà gan-an ni kí wọ́n sọ fún onílé àti àlejò ọjọ́ tí wọn yóò tì í, àti orúkọ ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ: ṣé oko tí wọ́n ti sá ni, lẹ́yìn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá ti wà lójú ọ̀nà rẹ̀, tàbí ilẹ̀ mìíràn tí baálẹ̀ ibẹ̀ ti fọwọ́ sí? Ìrẹsì àti mátírẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n máa ń ya fọ́tò sí lórí, ni apá tí ó rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà.

Ọkọ̀ wa kù ẹnì kan. Agbèrò yà sọ́dọ̀ ìyá náà, ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan, ó gbá ìkòkò rẹ̀ mú.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Ibo lẹ ń lọ?"

"Ọ̀fà. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi."

"Ẹ máa pẹ́ níbẹ̀, mà?"

"Rárá o, ọmọ mi," ni ìyá náà wí, bí ó ti ń di ẹní rẹ̀ mọ́ abẹ́ abíyá. "Ìgbà díẹ̀ ni."