Igi mẹ́ta ni, àbí àgbélébùú?

Lọ́dún 1643, Rembrandt ará Họ́láńdì gbẹ́ àwòrán sára bàbà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà: igi mẹ́ta lórí òkè kékeré, òjò ṣú dùdù, apẹja ju ìwọ̀ sómi. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní àgbélébùú mẹ́ta Kálífárì ni. Àwọn mìíràn ní igi lásán ni. Rembrandt kò kọ ìtumọ̀ sí i.

Ẹ̀yin àgbà Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, òkè tiwa náà kì í sọ̀rọ̀. Àwọn Kátólíìkì ń gun Òkè Màríà ní Ọ̀kà lọ gbàdúrà. Irú òkè bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa sá sí nígbà ogun Tápà, tí wọ́n sì ń bọ. Tèmi ni pé kí oníkálukú túmọ̀ ohun tó rí, kó má ṣáà ba ojúbọ ẹnìkejì jẹ́.